Ìdí tí Àkèré fi ń Pe Ọ̀pọ̀lọ́ Létí Odò

Nígbà láéláé, etí odò máa ń pa rọ́rọ́, ìbáà jẹ́ ìgbà òjò. Àkèré ní ohùn, ọ̀pọ̀lọ́ náà ní ohùn, ṣùgbọ́n wọn kì í dá ara wọn lóhùn.

Lásìkò náà, òdìkejì odò ni ọjà àwọn ẹranko wà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí omi bá fà, wọn a fi ẹsẹ̀ kọjá, wọn a kó ẹrù wọn sínú àká Ọ̀pọ̀lọ́ tó ń gbé lọ́hùn-ún. Tí òjò bá wá dé, odò a kún, ọ̀nì a gba inú rẹ̀ kan. Yàtọ̀ sí ẹyẹ tó bá fò kọjá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ohùn nìkan ló lè kọjá.

Àkèré ló ni ohùn náà. Òun ni alágbàtà. Bí o bá fẹ́ ta ohun tó wà nínú àká, wàá lọ bá a, yóò sì ké sí Ọ̀pọ̀lọ́. Ọ̀pọ̀lọ́ á bá ọ tà á, á di ohun tó bá rà mọ́ ìtì ọparun, omi á sì gbé e wá. Gbogbo ẹranko ló ń bọ̀wọ̀ fún Àkèré, ó sì ti jọ ara rẹ̀ lójú.

Ní ọdún kan, Ọ̀kẹ́rẹ́, opó ọlọ́mọ mẹ́ta, kó gbogbo ẹ̀kùrọ́ rẹ̀ sínú àká yẹn. Lẹ́yìn tí òjò dé, Àdàbà fò wá láti òdìkejì, ó bà sórí igi rẹ̀.

"Ìyá, kòkòrò ti ń wọ àwọn àká ọ̀hún o. Ẹ tètè fi ẹ̀kùrọ́ yín pààrọ̀ àgbàdo lónìí."

Ọ̀kẹ́rẹ́ sáré dé etí odò. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ké sí Ọ̀pọ̀lọ́. Kó fi ẹ̀kùrọ́ mi pààrọ̀ àgbàdo kíákíá."

Àkèré rọra na ara, ó ké lẹ́ẹ̀kan, ó pa ẹnu dé.

"Ó ti parí, ìyá. Ẹ máa lọ sílé."

"Ṣé ó gbọ́?"

Ojú Àkèré le. "Èmi ni mo ké e. Ta ni kì í gbọ́ ohùn mi?"

Ọ̀kẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dúró de ìtì ọparun. Omi ń gbé ewé wá, ó ń gbé igi wá, kò gbé àgbàdo wá. Bó bá sì ti bi Àkèré, "Ẹ ní sùúrù, mo ti ránṣẹ́" ni èsì rẹ̀. Oúnjẹ tán nílé. Àṣàmú, àbíkẹ́yìn rẹ̀, rù títí ọwọ́ rẹ̀ kò fi lè di ẹ̀ka mú mọ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó já bọ́ láti orí igi, kò sì dìde.

Àdàbà wá kí i kú ìrọ́jú.

"Ọjọ́ tí ẹ sọ fún mi gan-an ni mo ránṣẹ́," ni Ọ̀kẹ́rẹ́ ń wí.

"Sí ta ni? Àná ni Ọ̀pọ̀lọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ibi ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀. Kò sí nílé látọjọ́ yẹn. Kòkòrò ti jẹ ẹ̀kùrọ́ yín tán."

Ẹkún dá lójú Ọ̀kẹ́rẹ́. Ó bá Àkèré níbi tó ti ń yá oòrùn.

"Àkèré!" Kò fi orúkọ pe àgbà rí láyé rẹ̀. "Lọ́jọ́ tí o ké, ṣé Ọ̀pọ̀lọ́ dá ọ lóhùn?"

Àkèré wo ilẹ̀. "Kò dáhùn. Ṣùgbọ́n kò ní òun kò gbọ́."

"Ẹni tí kò sí nílé, báwo ni yóò ṣe sọ pé òun kò gbọ́?"

"Ìyá, kò sẹ́ni tó ń bi mí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀."

"Èmi bi ọ́! Ibí yìí ni mo dúró sí tí mo bi ọ́ pé ṣé ó gbọ́! O ní kí n máa lọ sílé. Mo lọ sílé, mo lọ sin ọmọ mi!"

Ó fò mọ́ ọn, ó fún un lọ́rùn. Àwọn ẹranko sáré wá, wọ́n ń fà á, òun náà kò jọ̀wọ́ ọ̀fun Àkèré, awọ ọ̀fun náà sì nà gbọọrọ. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, inú bí àwọn náà, torí kò sẹ́ni tí kò ní ẹrù nínú àká.

"Láti òní lọ," ni wọ́n wí fún Àkèré, "kí o tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kọ́kọ́ bi Ọ̀pọ̀lọ́ bóyá ó wà. Bí o kò bá gbọ́ ohùn rẹ̀, sọ fún wa pé o kò gbọ́. Bó bá dáhùn, tún bi í, torí ẹni tó wà nísinsìnyí lè má sí tó bá yá."

Àkèré kọjú sódò, ọ̀fun rẹ̀ wú. "Ṣé o wà? Ṣé o wà?"

Láti ọ̀nà jíjìn, ohùn kan dáhùn: "Mo wà! Mo wà!"

Wọ́n ní kí Ọ̀kẹ́rẹ́ wá gbọ́. Ó gbọ́. Ó sì gun igi rẹ̀ lọ.

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀fun àkèré ti ń wú bó bá fẹ́ ké, tí òun àti ọ̀pọ̀lọ́ sì ń pe ara wọn láìsinmi bí òjò bá ti rọ̀. Láti ọjọ́ náà sì ni ọ̀kẹ́rẹ́ kì í fi oúnjẹ rẹ̀ sí ìkáwọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Fúnra rẹ̀ ló ń rì í mọ́lẹ̀. Bí o bá kọjá lábẹ́ igi rẹ̀, yóò jágbe mọ́ ọ láti òkè, torí inú ṣì ń bí i.