Àdúgbò Tí Ó Dákẹ́

"Bí ẹnì kan bá là láàárín òtòṣì mẹ́fà, òtòṣì di méje." Ìyá arúgbó kan, Awẹ́ró, ló sọ bẹ́ẹ̀ fún Olóyè Gbọ́lágadé lọ́jọ́ tí ó lé e jáde nílé. Olóyè ló ni gbogbo ilé àdúgbò náà. Ó fi kún owó ilé títí àwọn ayálégbé fi kó lọ tán, ó sì ń sọ kiri ìlú pé ọ̀lẹ ni wọ́n.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Olóyè gbọ́ ìró odó nínú ilé tí ó kọjú sí tirẹ̀. Ó ṣí ilẹ̀kùn: kò séèyàn, kò sódó. Ìró náà bọ́ sí ilé kejì. Ó sáré débẹ̀, ó yọ̀ ṣubú, ẹsẹ̀ rẹ̀ kán.

"Ẹ gbà mí o!"

Ohùn ara rẹ̀ nìkan ló ń dá a lóhùn láti yàrá dé yàrá, títí Awẹ́ró fi wá kó ìkòkò tí ó gbàgbé.

"Màmá, ẹ padà wálé. Iye tí agbára yín bá ká ni kí ẹ máa san."

"Olóyè, ta ni yóò wí fún ìlú pé a kì í ṣe ọ̀lẹ?"

Níbi ìpàdé ìlú, Olóyè fi ọ̀pá gbéra nílẹ̀. "Irọ́ ni mo pa mọ́ wọn. Wọ́n ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mo sọ ilé di ọ̀wọ́n. Ìgbà tí wọ́n lọ tán ni mo tó mọ̀ pé òtòṣì ni mí."