Òkété Pààlè Sọ́gbà Àparò

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ ò tíì jẹun ni? Ohùn yín ń jáde bí ohùn ẹni tí wọ́n gba ẹran lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní, ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹn-ẹ́n. Àlọ́ mi dìde wùyà, ó fò kọjá ààtàn, ó lọ bà sí ẹ̀yìnkùlé Àparò, ó sì bá Òkété níbẹ̀, níbi tí kò ti ní nǹkan kan í ṣe.

Àparò ní ọkọ, ó sì ní ọmọ mẹ́fà. Àkọ́bí ń jẹ́ Àdùfẹ́, òun ni wọ́n ṣe ń pe ìyá ní Ìyá Àdùfẹ́, tí wọ́n ń pe bàbá ní Bàbá Àdùfẹ́. Àbígbẹ̀yìn ń jẹ́ Tíńtínní. Àwọn mẹ́rin tó wà láàárín ńkọ́? Ẹ má bi mí. Ìyá wọn gan-an máa ń ṣì wọ́n pè.

Dérìnọlá, mo rí ẹ tó ò ń rẹ́rìn-ín. O fẹ́ sọ pé olè ni àparò lóko bàbá rẹ. Nígbà tí mò ń sọ yìí, àparò ní ọgbà tirẹ̀. Jẹ́ kí n pàlọ́ mi.

Ọgbà náà kò tóbi, ṣùgbọ́n ó mọ́ tónítóní. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, tọkọtìyàwó kọ ebè. Àwọn ọmọ tẹ̀lé wọn, wọ́n ń ju àgbàdo sílẹ̀ ní méjì-méjì, wọ́n ń fẹsẹ̀ wa erùpẹ̀ bò ó. Ilá wà níbẹ̀, tẹ̀tẹ̀ wà níbẹ̀, ata wà létí ọgbà. Àgbàdo lolórí wọn.

Ẹ mọ̀ pé oṣù tó ṣáájú àgbàdo tuntun kì í ṣe oṣù àríyá. Èlùbọ́ ti tán. Ẹ̀wà ku èyí tí kòkòrò jẹ kù. Ohun tó wà nílẹ̀ ni ẹ̀fọ́. Ẹ̀fọ́ láàárọ̀, ẹ̀fọ́ lọ́sàn-án, ẹ̀fọ́ lálẹ́. Àwọn yòókù ń jẹ ẹ́, wọ́n ń fajú ro. Tíńtínní ní tirẹ̀ kò jẹ ẹ́ mọ́ rárá. Á fẹnu tọ́ ọ wò, á sì yíjú sẹ́yìn. Ọmọ náà ń rù, itan rẹ̀ ti dà bí ẹyọ ìgbálẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń wò ó, àyà ìyá ń já.

“Tíńtínní, jẹ díẹ̀ fún mi.”

“N ò jẹ. Sápàlà ni mo fẹ́.”

“Bí àgbàdo bá gbó, n ó lọ̀ ọ́ kúnná, n ó fi epo sí i, n ó fi ata àti iyọ̀ sí i, n ó pọ́n ọn sínú ewé, n ó sè é fún ẹ. Sápàlà gbígbóná! Ìwọ lo máa kọ́kọ́ tú ewé tìẹ.”

Láràárọ̀ ni ọmọ yẹn ń lọ wo irun àgbàdo. Ó funfun. Ó pupa. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú.

Òkété ń gbé inú ihò kan lẹ́yìn ọgbà wọn. Kí n má purọ́ fún yín, n ò fẹ́ràn Òkété. Nígbà tí wọ́n ń kọ ebè, ẹ̀yìn ń dùn ún. Nígbà tí wọ́n ń roko, orí ń fọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bí èéfín bá ti rú nílé Àparò, ara á yá, á ní òun wá kí àwọn ọmọ. Òun náà ń wo irun àgbàdo.

Ó rò ó lọ, ó rò ó bọ̀. Bí òun bá jí ọ̀kan, ọ̀kan lòun máa jẹ. Gbogbo rẹ̀ lòun fẹ́. Ló bá dìde ní ìdájí ọjọ́ kan, ó wá àjákù ìgbálẹ̀, ó wá ìkarahun ìgbín, ó wá àkísà pupa, ó so wọ́n mọ́ igi kan, ó rì í mọ́ àárín ọgbà Àparò.

Kí là ń pe ìyẹn? Ààlè! Ẹ ṣeun. Ẹni tí kò fẹ́ kí olè fọwọ́ kan nǹkan òun ló ń pa á. Bí o bá rí ààlè, yà fún un. Ẹnìkan kò sì gbọ́dọ̀ tú ààlè ẹlòmíràn, ẹnu tó pè é ló ń tú u. Ẹ gbọ́, ààlè ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pè sí i. Òkété ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn olóko láti kékeré, torí inú oko wọn ló dàgbà sí. Ó ti há sí i lórí, kò rò ó wò rí. Ó pè é gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe ń pè é, ó sì kó wọ ihò. Nígbà tí Àparò àti ìdílé rẹ̀ gbé agbọ̀n dé, ó mú ohùn rẹ̀ ki, ó ń fi ọ̀rọ̀ ààlè náà kọrin látabẹ́ ilẹ̀. Ẹ máa gbè é fún mi, jìngbìnnì lègbè yín:

Àparò, yà fún ọgbà o,
*Jìngbìnnì!*
Ààlè ń bẹ lórí ebè,
*Jìngbìnnì!*
Ẹni tí kò gbìn, tó bá jẹ,
*Jìngbìnnì!*
Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ á wú bí elégédé,
*Jìngbìnnì o, jìngbìnnì!*

Bàbá Àdùfẹ́ ló kọ́kọ́ fò sẹ́yìn.

“Ẹ̀yin ọmọ, ẹ padà! Ìyá Àdùfẹ́, padà! Onílẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ yẹn.”

“Ta ni onílẹ̀?”

“N ò mọ̀ ọ́n. Ṣé ó dìgbà tí mo bá mọ̀ ọ́n kó tó pa mí?”

Wọ́n gbé agbọ̀n òfìfo padà sílé. Wọ́n tún se ẹ̀fọ́. Ẹ̀fọ́ náà kò tíì sọ̀ tí Òkété fi wọlé, ó káwọ́ lérí.

“Ẹ kú ilé o. Mo gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ayé mà le o!”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà wá nímọ̀ràn,” Ìyá Àdùfẹ́ wí.

“Èmi àti onílẹ̀ mọra díẹ̀. N ó bá yín bẹ̀ ẹ́. Kí ẹnikẹ́ni ṣáà má yọjú síbẹ̀ fún ọjọ́ méje. Ẹn, kí lẹ sè yẹn?”

Wọ́n bù ú fún un. Ó jẹ tirẹ̀ tán, ó sì jẹ ti Tíńtínní mọ́ ọn. Ẹ ò rí ìwà? Ẹni tó fẹ́ jẹ àgbàdo yín ló tún ń jẹ ẹ̀fọ́ yín.

Lọ́jọ́ kejì, orin tún dún. Òkété kò tíì ká nǹkan kan, ó ní kí àgbàdo gbó dáadáa ná. Ọ̀lẹ tún ní àṣàyàn! Lọ́jọ́ kẹta, Tíńtínní kò lè dìde lórí ẹní mọ́. Ó sùn sábẹ́ ìyẹ́ ìyá rẹ̀, ó ń gbọ́ orin náà bó ṣe ń bọ̀ láti ọgbà.

“Ìyá mi.”

“Ọmọ mi.”

“Orin yẹn ní ẹni tí kò gbìn.”

“Bẹ́ẹ̀ ló wí.”

“Ṣebí àwa la gbìn ín? Èmi gan-an fẹsẹ̀ wa erùpẹ̀ bò ó.”

Ìyá Àdùfẹ́ dìde. Ó wo ọmọ, ó wo ọ̀nà ọgbà. Ló bá gbọ́mọ pọ̀n, ó gbé agbọ̀n.

Bàbá Àdùfẹ́ ní, “Níbo lò ń lọ?”

“Ọgbà mi ni.”

“Ààlè ń bẹ níbẹ̀!”

“Mo rí i. N ò ní tú u. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó ń wí, Bàbá Àdùfẹ́. Ẹni tí kò gbìn ló ń bá wí. Èmi kọ́.”

“Bó bá wá ṣì ọ́ mú ńkọ́?”

“Bó bá ṣì mí mú, ẹ máa bá mi tọ́jú àwọn ọmọ. Ebi ti ń mú èyí tó wà lẹ́yìn mi lọ ná.”

Wọ́n ní àparò kan kò ga ju ọ̀kan lọ, àfi èyí tó bá gorí ebè. Lọ́jọ́ náà, Ìyá Àdùfẹ́ gorí ebè! Ó dúró ti ààlè pẹ́kípẹ́kí. Orin ń dún lábẹ́ ilẹ̀, kò wò ó. Ó já àgbàdo kan, ó bó o, ó gé e jẹ ní tútù. Ọkọ àti àwọn ọmọ tó tẹ̀lé e dúró létí ọgbà, gbogbo ojú wà lára ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Bàbá Àdùfẹ́ ti fi ìyẹ́ bojú.

“Àdùfẹ́, ó ti wú?”

“Rárá, Bàbá.”

“Wò ó dáadáa.”

“Bàbá, wọ́n ti ń jẹ ìkejì.”

Yéè! Inú mi máa ń dùn tí mo bá débí. Àwọn ọmọ ya wọ ọgbà. Èyí ń já, èyí ń bó, èyí ń ká ewé wá. Bàbá Àdùfẹ́, tí àyà rẹ̀ ti balẹ̀, kó òkúta mẹ́ta jọ, ó dáná. Ìyá lọ àgbàdo, ó po epo mọ́ ọn, ó pọ́n ọn, ó tò ó sínú ìkòkò. Òórùn rẹ̀ gba gbogbo ọgbà. Ẹ wá wo àwọn ọmọ tí wọ́n yí ààlè ká, tí wọ́n ń kọ orin olórin mọ́ ọn lójú:

Ẹni tí kò gbìn, tó bá jẹ,
*Jìngbìnnì!*
Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ á wú bí elégédé,
*Jìngbìnnì o, jìngbìnnì!*

Òórùn wọ ihò. Òkété kò lè gbà á mọ́ra. Ó yọ fìrì síta.

“Ta ló ní kẹ́ ẹ fọwọ́ kan àgbàdo mi?”

Gbogbo wọn yíjú sí i. Ìyá Àdùfẹ́ ní, “Àgbàdo ta, Ẹ̀gbọ́n?”

“Àgbàdo mi! Ṣé ẹ ò rí ààlè ni? Èmi ni mo pa á!”

Ó ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Bàbá Àdùfẹ́ fẹ́ fò mọ́ ọn, ìyàwó rẹ̀ dá a dúró.

“Ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Olóko dé, ẹ jẹ́ kí olóko jẹun.” Ó mú sápàlà méjì tó tóbi jù, ó gbé e síwájú Òkété. “Ẹ jókòó, Ẹ̀gbọ́n. Ẹni tó gbìn ín kì í bẹ̀rù àtijẹ ẹ́.”

Bí kò bá jẹ ẹ́, ó jẹ́wọ́ pé olè lòun. Bó bá sì jẹ ẹ́, ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ má rò pé ó rò ó tó bẹ́ẹ̀ o. Epo ti ń ta sánsán sí i nímú. Ó tú ewé kìn-ín-ní, ó jù ú sẹ́nu. Ó tú ìkejì, ó jù ú sí apá kejì.

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún wú gbọ̀ǹgbọ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì wú gbọ̀ǹgbọ̀. Ó fẹ́ gbé e mì, kò lọ. Ó fẹ́ tu ú, kò jáde. Ó sáré lọ kúnlẹ̀ níwájú ààlè láti tú u. Ṣùgbọ́n ẹnu tó pè é ló ń tú u, ẹnu ọ̀hún sì ti kún.

“Mmù, mmù, mmù!”

“Kí lẹ wí, Bàbá Òkété?” àwọn ọmọ bi í.

“Mmù!”

“Ẹ sọ ọ́ sókè, a ò gbọ́!”

Ó fi ìtìjú gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wọ ihò lọ.

Tíńtínní tú ewé tirẹ̀. Ó jẹ ẹ́ tán, ó lá ewé, ó ní òun tún fẹ́. Ìyá rẹ̀ gbé òmíràn fún un, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Bàbá Àdùfẹ́ náà ń wí fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé òun kò bẹ̀rù láti ìbẹ̀rẹ̀.

Títí dòní, bí òkété bá rí oúnjẹ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló ń kó o sí. Ẹ bi àwọn tó ń dẹ ẹ́. Kò lè jókòó jẹun lójú ayé, ó di inú ihò. Kò tíì rí ààlè náà tú.

Ibi tí mo bá àlọ́ mi dé rèé. Bí mo bá fi irọ́ lú u, kí omi orí iná mi má hó. Bí n kò bá fi irọ́ lú u, kó hó lẹ́ẹ̀mẹ́ta:

Bùlẹ̀. Bùlẹ̀. Bùlẹ̀!