Ẹ̀gà àti Orúkọ Àwọn Ọmọ Ehoro

Nígbà láéláé, nígbà tí kọ̀ǹpútà ṣì jẹ́ igbó tí ẹranko ń gbé inú rẹ̀ (ẹ má rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ ló rí), Òkété ni olùṣọ́ àká. Inú ihò ló ń gbé. Ohun tí wọ́n bá ní kó ṣe ló ń ṣe, kì í bi ẹnikẹ́ni ní ìdí. Ṣùgbọ́n àfi kí o sọ àṣẹ rẹ délẹ̀délẹ̀, kí o sì fi "ó tán" parí rẹ̀.

Ehoro bímọ púpọ̀ débi pé kò lè rántí orúkọ wọn. Inú àká ló kó o sí. Ó ti kọ́ wọn pé ẹni tí a kò bá pe orúkọ rẹ̀ kò gbọdọ̀ jáde nínú koríko, nítorí ajá ọdẹ. Ní ìrọ̀lẹ́-ìrọ̀lẹ́, á rán Ọ̀kẹ́rẹ́ aládùúgbò rẹ̀ lọ gba orúkọ wá, kó lè pè wọ́n wálé.

Ọ̀kẹ́rẹ́ ò kọ iṣẹ́, àṣẹ gígùn ló kọ̀. "Kó orúkọ àwọn ọmọ Ehoro, àgbà àti kékeré, jáde síta fún mi, ó tán." Kó tó sọ ọ́ tán, ẹ̀kùrọ́ ẹnu rẹ̀ á ti jábọ́.

Ẹyẹ Ẹ̀gà wà lórí ẹ̀ka lẹ́nu ihò. Ẹ mọ Ẹ̀gà, ẹlẹ́nu wẹ́wẹ́. Kò sí àṣẹ tí wọ́n pa fún Òkété tí kò sí lórí ahọ́n rẹ̀.

Ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, sọ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nìkan. N ó wá a láti orí àṣẹ tí wọ́n pa kẹ́yìn lọ sẹ́yìn. Èyí tí mo bá kọ́kọ́ bá pàdé, n ó ké e sínú ihò."

Inú Ọ̀kẹ́rẹ́ dùn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é.

Nígbà tó yá, Ehoro tún bímọ. Ní òwúrọ̀, ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ sẹ́nu ihò. Ó ní, "Kó orúkọ àwọn ọmọ Ehoro dànù, ó tán." Bí àwọn ọmọ tó kó lẹ́yìn ti ń dárúkọ ara wọn fún un, ó wá to gbogbo rẹ̀ lọ́tun, tìkókó tìkókó: "Fi Fòfẹ̀rẹ̀, Etígùn, Ewédùn..." títí ó fi kan àbíkẹ́yìn, ó sì fi "sínú àká, ó tán" parí rẹ̀. Kò sọ fún Ọ̀kẹ́rẹ́.

Ní ìrọ̀lẹ́, Ọ̀kẹ́rẹ́ sáré dé. "Kó orúkọ àwọn ọmọ Ehoro."

Ẹ̀gà wo ẹ̀yìn, ó bá ti òwúrọ̀ pàdé, ó sì ké e: "Kó orúkọ àwọn ọmọ Ehoro dànù, ó tán." Kíá, Òkété ti kó gbogbo rẹ̀ dànù. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Ehoro káwọ́ lérí. Fòfẹ̀rẹ̀ nìkan ló rántí, torí Ìyá Fòfẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Fòfẹ̀rẹ̀ wálé. Àwọn yòókù wà nínú koríko, ajá ọdẹ sì ti ń gbó lókèèrè.

Ẹ̀rù ba Ọ̀kẹ́rẹ́. "Ìyá Fòfẹ̀rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Kí lẹ sọ fún Òkété nígbà tí ẹ kó orúkọ wọn wọlé?"

"Mo ní, 'Fi Fòfẹ̀rẹ̀'..."

Ọ̀kẹ́rẹ́ ò dúró gbọ́ ìyókù. Ó ti dé ọ̀dọ̀ Ẹ̀gà. "Wá èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 'Fi Fòfẹ̀rẹ̀'. Má ì ké e o. Kọ́kọ́ sọ ọ́ sí mi létí ná."

Ẹ̀gà wá a, ó sọ ọ́. Orúkọ pé síbẹ̀, kò dín ọ̀kan.

"Òun gan-an nìyẹn. Ó yá, ké e."

Ọ̀kẹ́rẹ́ wá fẹnu ara rẹ̀ pa àṣẹ gígùn náà délẹ̀délẹ̀, ó sì kó orúkọ wọn lọ fún Ehoro. Ehoro pe àwọn ọmọ títí ohùn rẹ̀ fi há, wọ́n sì ń fò wálé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wo Ọ̀kẹ́rẹ́, ó ní, "Àbúrò, àṣẹ kúkurú rẹ yìí ì bá sọ mí di ọlọ́mọ kan ṣoṣo."

Láti ọjọ́ náà, Ẹ̀gà kì í ké àṣẹ àtijọ́ sínú ihò láìbéèrè. Títí dòní, bí ẹ bá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà lẹ́nu àká ìsọfúnni tí wọ́n ń pè ní "database", tí ẹ tẹ ìbẹ̀rẹ̀ àṣẹ tí ẹ ti pa rí, odindi rẹ̀ á yọ síta, á sì dúró. Ohun kékeré kan á máa ṣẹ́jú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ̀gà ni. Ó ń dúró kí ẹ kà á tán, kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì tí yóò mú un wọlé.