Àjò Mi sí Ìlú Tí Wọ́n Ti Ń Tú Ẹyẹ Sílẹ̀

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ̀yin ará oko, àgbà tó fẹ̀yìn ti ògiri, ọmọdé tó ká ẹsẹ̀ sórí ẹní, mo kí yín o, ẹ kú ìjókòó, a ò ní jókòó sófo. Ìwọ tí o jókòó lórí odó lọ́hùn-ún, dìde, ṣé wọn ò kọ́ ọ nílé ni? Èmi tí ẹ ń wò yìí ni Ọdẹ́jìnmí, ọmọ bíbí ìlú Òkè-Ìgalà, ẹni tó ti wọ igbó títí irùngbọ̀n rẹ̀ fi funfun, tí kìnnìún ti bi léèrè ọ̀nà rí, tó sì júwe rẹ̀ fún un láìṣìnà. Ẹ má já lu ọ̀rọ̀ mi, nítorí inú a máa bí mi, bí inú bá sì ti bí mi, n kì í rántí ibi tí mo bá ìtàn dé mọ́.

Nígbà tí irun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù lágbọ̀n mi ni wọ́n mú ẹ̀gbọ́n mi Ọdẹ́kúnlé lọ sí ogun Bọma. Ogun parí, àwọn tí wọ́n jọ lọ dé, òun ò dé, ẹnikẹ́ni ò sì lè sọ pé òun rí òkú rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí ọdẹ bá kú, àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ a ṣípà fún un kí ó lè bá igbó pínyà ní àlàáfíà. Bí a bá ṣe é fún ẹni tó wà láàyè, a ti fi ọwọ́ ara wa pa á nìyẹn. Bí ó bá sì ti kú tí a ò ṣe é, yóò máa rìn kiri láìnílé ni. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà há sí wa lọ́rùn fún ọdún gbọọrọ. Nígbà tí ara Ìyá wa di ara àgbà, wọ́n fi oríkì mi pè mí, wọ́n ní, "Àlàó, ọmọ mi kú yá ju ọmọ mi nù lọ. Bá mi wá a lọ, kí n mọ èyí tó jẹ́."

Mo gbéra. N ò lówó, n ò sì ní ẹnìkejì. Gàrì ni mo rọ sínú àpò ọdẹ mi, mo ń fọ àwo fún wọn nínú ọkọ̀ ojú omi títí òkun fi sú mi, lẹ́yìn náà mo wọ ọkọ̀ ojú irin, mo há sáàárín àpò ìrẹsì àti ewúrẹ́ kan tó ń ṣàròyé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin pé òun ti sanwó tán kí èmi tó wá fún òun mọ́ ògiri. Mo tọrọ gáfárà lọ́wọ́ rẹ̀, kò gbà. Báyìí ni mo dé ìlú àtijọ́ kan tó wà létí odò ńlá, lágbègbè ibi tí wọ́n ti ja ogun Bọma, tí òrùlé àwọn ilé ìsìn rẹ̀ ń dán bí idẹ tí a fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀, tí gbòǹgbò igi sì ti di ògiri ààfin wọn àtijọ́ mú. Wọ́n kọ́ gbàgede kan síbẹ̀ fún àlejò tí kò lówó, ibẹ̀ ni mo tẹ́ ẹní sí. Ní òwúrọ̀, mo rí àwọn ọkùnrin tó fá orí, tí wọ́n wọ aṣọ pípọ́n bí pupa inú ẹyin, wọ́n gbé àwo dání, wọ́n ń rìn láìwọ bàtà, wọn ò sì sọ̀rọ̀. Mo pè wọ́n ní alágbe, àfi ìgbà tí mo rí i pé ẹni tó ń fún wọn lóúnjẹ ló ń kúnlẹ̀. Nígbà náà ni mo mọ̀ pé àwọn ẹni mímọ́ ilé ìsìn wọn ni.

Erin kan ń wẹ̀ létí odò. Ó wò mí, ó ní òórùn ẹ̀tù ìbọn ṣì wà lára mi, kí n ṣọ́ ara mi, nítorí ní ìlú àwọn, ńṣe ni èèyàn ń ra ẹyẹ kí ó lè tú u sílẹ̀, kí oore náà lè dúró dè é lọ́la. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi dì mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Èmi tí mo fi gbogbo ọjọ́ ayé mi lé ẹyẹ, àwọn kan wà tí wọ́n ń sanwó kí ó lè lọ. Òótọ́ ni, ẹni tó bá rìn jìnnà ló ń rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́.

Ẹ̀rín yẹn ò tíì tán lẹ́nu mi tí mo fi dé iwájú ìyá àgbà kan tó ń ta ẹyẹ nínú àgò. Ẹyẹ dúdú kan, tí ẹnu rẹ̀ pọ́n bí osùn, kọjú sí mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí sun ìjálá: "Ọmọ ọdẹ Òkè-Ìgalà, ọmọ a-rìn-má-tẹ-ewé-gbígbẹ, ọmọ ẹni tó mọ orúkọ àgbọ̀nrín kó tó ta á lọ́fà." Oríkì ilé wa ni. Àwọn ọmọ bàbá mi nìkan ló ń ki ara wọn bẹ́ẹ̀. Mo bọ́ àpò ọdẹ mi lọ́rùn, mo fi ra ẹyẹ náà. Ìyá àgbà ṣí ẹnu àgò, ó na ọwọ́ sí ojú ọ̀run fún mi, ṣùgbọ́n ọdẹ kì í fi ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀: mo yọ okùn, mo so ẹyẹ náà lẹ́sẹ̀, mo ní kó mú mi lọ bá ẹni tó kọ́ ọ.

Ló bá dákẹ́. Mo bẹ̀ ẹ́, mo fún un ní ìrẹsì, mo sọ fún un bí ẹyẹ ṣe ń dùn tó nínú ọbẹ̀ nílùú wa, kò fọhùn. Nígbà tó yá ló sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé, "Ẹni tó kọ́ mi lóríkì yìí ò so mí. N ò ní bá ẹni tó so mí sọ̀rọ̀ rẹ̀."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀rù bà mí lọ́jọ́ náà ju ọjọ́ tí ẹfọ̀n lé mi lọ. Bí ẹyẹ yìí bá fò lọ, kò sí ipasẹ̀ kan mọ́ fún mi ní gbogbo ilẹ̀ ayé, kí ni mo fẹ́ sọ fún Ìyá? Ṣùgbọ́n ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Mo gé okùn náà. Ẹyẹ fò kọjá odò, kò bojú wẹ̀yìn. Mo jókòó sórí yanrìn, èmi àgbàlagbà, mo sunkún.

Oòrùn ti ń rọlẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ kékeré kan bọ̀ láti òdìkejì. Ẹyẹ mi wà ní èjìká ẹni tó ń tu ọkọ̀ náà, ọkùnrin dúdú kan tí orí rẹ̀ ti funfun. Mo dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀ kí n tó mọ ohun tí mo ń ṣe.

Ọdẹ́kúnlé ni. Ó fà mí dìde, ó rẹ́rìn-ín, ó sunkún, ó ní ìgbà wo ni irùngbọ̀n mi di ti bàbá wa. Lẹ́yìn náà ó sọ fún mi pé ọjọ́ tí ogun parí ni òun búra pé òun ò ní pa ohun ẹlẹ́mìí mọ́. Àtìgbà náà ni òun ti ń ra ẹyẹ, tí òun ń kọ́ ọ lóríkì ilé wa kí òun tó tú u sílẹ̀, bóyá ọ̀kan á dé Òkè-Ìgalà. Ẹyẹ dá sí i, ó ní irọ́ kọ́, ṣùgbọ́n àwọn apẹyẹ kì í jẹ́ kí àwọn fò ju ẹ̀yìn odi lọ kí wọ́n tó tún mú àwọn wá tà.

"Ilé ọdẹ ni ilé wa, Àlàó," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Ta ló fẹ́ ọdẹ tí kò lè gbé ìbọn?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, Ìyá ò rán mi wá mú ọdẹ. Ọmọ wọn ni wọ́n ní kí n wá."

Ó tu ọkọ̀ padà kọjá odò, ó lọ ká ẹní rẹ̀.

A dé ilé nígbà ọyẹ́. Ìyá wa jókòó ti ààrò, ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́. Mo fi ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi lé wọn lọ́wọ́, n ò sì sọ ẹni tó ni ín. Wọ́n di ọwọ́ náà mú, wọ́n fi ìka wọn tọ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ wò. Nígbà tó yá, wọ́n ní, "Kúnlé, ọwọ́ rẹ tutù. Sún mọ́ iná."

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún yín, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, pé àjò kì í dùn kí onílé má relé. Bí ẹnìkan yín bá wà lẹ́yìn odi, tó rò pé ohun tí òun dà ò yẹ ilé mọ́, kó má ṣe dá ẹjọ́ náà fún ilé. Kó kọ́kọ́ wálé wá bi ilé léèrè. Ó tó bẹ́ẹ̀. Kí ẹsẹ̀ yín máa rántí ọ̀nà, kí ẹni tí ẹ ń retí má pẹ́ẹ́ dé o. Mo kí yín, mo ń lọ sùn.