Káfíńtà Tó Dá Oúnjẹ Kérésì Padà

Bàbá Ajíbóyè, olùkọ́ ìjọ, ẹ̀gbọ́n bàbá wa, ló kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí nínú ilé wa, ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá, ọdún 1963. Wúràọlá, àbúrò rẹ̀ obìnrin, ló sọ ọ́ fún. Ọmọ kan ṣoṣo tí Wúràọlá bí ti kú nínú oṣù Kẹwàá, ó sì ti ní òun kò ní ṣe Kérésì, kí ẹnikẹ́ni má ṣe kan ilẹ̀kùn òun.

Ọkùnrin kan wà, káfíńtà ni. Ìyàwó rẹ̀ kú nígbà tí Kérésì ku ọjọ́ mọ́kànlá, ọwọ́ ara rẹ̀ ló sì fi kan pósí rẹ̀. Lẹ́yìn ìsìnkú, kò fọwọ́ kan ayùn mọ́. Òun àti ìyá rẹ̀ tó ti fọ́jú ló kù nínú ilé. Kò mọ oúnjẹ sè. Gààrí ni wọ́n ń mu.

Ní àdúgbò wọn, bí wọ́n bá gbé oúnjẹ ọdún wá fún ọ, o kò gbọdọ̀ dá àwo padà lófìfo. Bí o kò bá rí nǹkan sè, wàá fi iṣu tàbí iyọ̀ díẹ̀ sí i. Ìyàwó rẹ̀ ló máa ń ṣe èyí, kì í sì í jẹ́ kí àwo ẹnikẹ́ni sùn nílé.

Láàárọ̀ Kérésì, àwo márùn-ún dé. Káfíńtà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó dá márààrún padà.

"Ẹ ṣeun. Ẹni tó ń dá àwo yín padà ti lọ."

Ìyá Ìbejì, tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwọn, kò gbà. "Káfíńtà, ta ló bi yín léèrè àwo? Ẹ jẹun ná!"

"Ẹ gbé e lọ."

"Ó dáa. Agídí ò jí òkú rí o."

Ìyá rẹ̀ gbọ́ òórùn ọbẹ̀ bó ṣe ń bọ̀, ó sì gbọ́ ọ bó ṣe ń padà.

Lọ́jọ́ kejì, kò sẹ́ni tó yà. Lọ́jọ́ kẹta, gààrí tán. Lọ́jọ́ kẹrin, ìyá kò lè dìde jókòó mọ́. Ó nawọ́, ó fi kan ojú ọmọ rẹ̀.

"Ọmọ mi, ṣé pákó ṣì kù ní ṣọ́ọ̀bù rẹ?"

Pákó ṣì kù. Káfíńtà mọ iye rẹ̀, ó sì mọ bí ìyá rẹ̀ ṣe gùn tó. Ó mú àwo kan lára àwọn àwo ìyàwó rẹ̀, ó wá gbogbo ilé, kò rí nǹkan tí yóò fi sí i. Ó fi dàńṣíkí bò ó, ó sọdá, ojú ń tì í.

"Ìyá Ìbejì, ẹ dákun. Kò sí nǹkan kan nínú àwo yìí."

Obìnrin náà gbà á, ó wo inú rẹ̀. "Bó bá kún, níbo ni mo fẹ́ bu oúnjẹ sí? Ìrẹsì ọdún ti tán o. Ẹ̀bà àti ọbẹ̀ àná ló kù."

Ó bù ú kún. Ìyá káfíńtà jẹ òkèlè mẹ́ta lọ́jọ́ náà, ó sì yè é.

Wúràọlá, àbúrò mi, ìwọ ni káfíńtà yẹn. O rò pé ẹni tí inú rẹ̀ dùn ni Kérésì wà fún, àti pé o kò ní orin tí wàá fi dá Olúwa lóhùn. Ta ló ní irú orin bẹ́ẹ̀? Ibùjẹ ẹran ni wọ́n tẹ́ Olúwa fúnra rẹ̀ sí. Kò sì pẹ́ tí wọ́n bí i tí àwọn ìyá Bẹ́tílẹ́hẹ́mù fi ń sunkún ọmọ wọn tí ọba pa. Ó mọ ilé ọ̀fọ̀. Mi ò ní kí o jó. Mi ò sọ pé ọ̀fọ̀ yóò tán lọ́dún yìí. Ṣùgbọ́n má ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn nítorí pé ọwọ́ rẹ ṣófo. Ìrètí àjíǹde, Olúwa ló ń bù ú fún ni. Tìrẹ ni kí o gbà á.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù Kejìlá, ọdún 1963, ni Wúràọlá ṣílẹ̀kùn rẹ̀.