Ẹ̀yìn Àga Olóyè Ládépò

Olóyè Ládépò ló ni ilẹ̀ tí gbogbo àdúgbò kọ́lé lé, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ni abẹ́ gé. Ó ní kí Ògúnsìnà káfíńtà fi pákó bo ògiri ilé òun níta, kó kàn án mọ́ ògiri típẹ́típẹ́, torí òun ò fẹ́ àlàfo tí eku máa fi ṣelé. Ṣùgbọ́n bí òjò bá mú pákó náà jẹrà, kí Ògúnsìnà kó kúrò lórí ilẹ̀ òun. Ògúnsìnà ní, "Mo gbọ́, bàbá." Ló bá ní kí bàbá sọ bí wọ́n ṣe kọ́ ilé náà fún òun. Inú Olóyè dùn, ó fẹ̀yìn ti àga aláwọ rẹ̀ nínú ooru ọ̀sán, ó ń ròyìn láti orí ìpìlẹ̀ dé orí páànù. Nígbà tó parí, Ògúnsìnà ní, "Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ẹ dìde, kí ẹ fọwọ́ kan ẹ̀yìn aṣọ yín." Ẹ̀yìn aṣọ rin gbingbin. "Iwájú ńkọ́?" Iwájú gbẹ táútáú. "Ooru kan náà ló mú méjèèjì," ni Ògúnsìnà wí. "Iwájú rí atẹ́gùn, ẹ̀yìn ò rí. Bí pákó ṣe máa rí lára ògiri nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n kan igi tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín wọn lóòró, kí omi rọ́nà ṣàn sílẹ̀, kí atẹ́gùn rọ́nà gòkè. Màá fi nẹ́ẹ̀tì dínà mọ́ eku." Olóyè tún fọwọ́ kan ẹ̀yìn ara rẹ̀. "Ó dáa," ló wí, "àmọ́ kó o tó dé ìdí ògiri, kọ́kọ́ kan igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì mọ́ ẹ̀yìn àga yìí."