Ìwọ́ Abíọ́nà

Ní ọdún tí ogun fọ́ Ọ̀jẹ̀gùn, ìlú kan ní ọ̀dàn òkè lọ́hùn-ún, oyún Àwẹ̀ró ti tó bí. Òun àti ọkọ rẹ̀, Òjéwùmí, bá èrò sá gba ìsàlẹ̀, síhà igbó. Ojú ọ̀nà ni ó bímọ sí, wọ́n sì sọ ọmọ náà ní Abíọ́nà. Orúkọ wo ni wọn ì bá tún sọ ọ́?

Nígbà tí ìwọ́ ọmọ gbẹ tí ó sì já, Òjéwùmí kò jẹ́ kí wọ́n rì í mọ́lẹ̀. Ẹ mọ̀ pé ibi tí a bá ri ìwọ́ ọmọ sí ni ilé rẹ̀. Ibi yòówù kó rìn dé láyé, ibẹ̀ ni yóò máa fà á. Ìdí igi oṣè kan lẹ́yìnkùlé wọn ní Ọ̀jẹ̀gùn ni wọ́n ri ti Òjéwùmí sí, ibẹ̀ náà ni ti bàbá rẹ̀ àti ti bàbá bàbá rẹ̀ wà. Ó kó ìwọ́ ọmọ rẹ̀ sínú àdó kékeré kan, ó dí i lẹ́nu, ó sì so ó mọ́ ìbàdí.

"Ọmọ Ọ̀jẹ̀gùn ni," ó ní. "Bí òjò ọdún yìí bá ti dá, ilé yá."

Òjò dá, ṣùgbọ́n ogun kò dáwọ́ dúró. Ìlú kékeré kan létí igbó ló gbà wọ́n, baálé ibẹ̀ sì fún wọn nílẹ̀. Àwọn ará Ọ̀jẹ̀gùn yòókù po amọ̀, wọ́n mọlé, wọ́n gbin obì. Òjéwùmí ní tirẹ̀ fi imọ̀ ọ̀pẹ pa àgọ́. Ẹni tí ń lọ lọ́la, kí ni yóò fi amọ̀ ṣe? Bí ìjì bá wó o, yóò tún un pa. Ilá àti ẹ̀fọ́ nìkan ló ń gbìn, ohun tí èèyàn lè tètè ká kó tó dìde. Àwọn aládùúgbò a máa fi ṣẹ̀fẹ̀ pé, "Òjéwùmí, o ò tíì lọ?" Ẹ má bá wọn rẹ́rìn-ín o. Ẹni tí ogun kò lé kúrò nílé rí ni kò mọ ohun tí àárò ilé ń fojú èèyàn rí. Nígbà ọyẹ́, tí gbogbo ayé ń yáná, ìta gbangba ni ọkùnrin yìí máa ń jókòó sí, ó ní láti ilé ni atẹ́gùn náà ti ń bọ̀.

Inú àgọ́ yìí ni Abíọ́nà dàgbà sí. Nígbà tó tó gbéyàwó, ọkàn rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Ìbídùn, ọmọ Ṣónúgà, ọ̀kan nínú àwọn onílẹ̀ ìlú náà. Ọmọbìnrin náà fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n Ṣónúgà ránṣẹ́ pe Òjéwùmí.

"Ọ̀rẹ́ mi, ọmọ rẹ wù mí," ni Ṣónúgà wí. "Ó lápá, ó sì níwà. Ṣùgbọ́n nínú àgọ́ ni n ó ti máa wá ọmọ tèmi kí ni? Ọmọ tí ìwọ́ rẹ̀ ṣì wà nínú àdó, ará ibo la ó pè é? Rì í sílẹ̀ níbí, kí o sì mọlé fún un, n ó fún un níyàwó. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, n kò lè fọmọ fún èrò ọ̀nà."

Àwẹ̀ró bẹ ọkọ rẹ̀. "Bàbá Abíọ́nà, ẹ jẹ́ ká ṣe é. Ọmọ kan ṣoṣo tí a ní nìyí."

Òjéwùmí mirí. "Mo ti fi bàbá mi sílẹ̀ nínú oórì láìsí ẹni tí yóò kí i. Ṣé kí n tún fi ọmọ-ọmọ rẹ̀ tọrẹ fún ilẹ̀ onílẹ̀?"

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yẹn, ìròyìn dé pé ọ̀nà òkè ti rọ̀. Òjéwùmí ní kí Abíọ́nà dìde kí àwọn lọ ri ìwọ́ náà síbi tó yẹ ẹ́. Abíọ́nà mọ̀ pé bí ìwọ́ òun bá wọ ilẹ̀ Ọ̀jẹ̀gùn, Ìbídùn ti bọ́ lọ́wọ́ òun nìyẹn. Síbẹ̀ ó gbé ẹrù rù. Ta ni yóò jẹ́ kí bàbá rẹ̀ dá irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ rìn?

Wọ́n rìn títí igbó fi tán. Nígbà tí wọ́n dé Ọ̀jẹ̀gùn, kò sí ìlú níbẹ̀ mọ́. Òjò ti yọ́ ògiri dànù, ọkà bàbà sì bo ibi gbogbo. Ṣùgbọ́n igi oṣè dúró. Òjéwùmí kígbe, "Igi wa nìyẹn!" ó sì sáré bí ọmọdé. Ó kúnlẹ̀ nídìí rẹ̀, ó yọ ọkọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́lẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra!" Ọ̀dọ́mọkùnrin kan sáré jáde láàárín ọkà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ má wú ibẹ̀. Ìwọ́ ọmọ mi ló wà níbẹ̀, kò tíì pẹ́ tí a rì í."

Ọkọ́ dúró lókè. "Ìwọ́ ọmọ ta? Nídìí igi bàbá mi? Ta ló fún ọ nílẹ̀ yìí?"

"Ogun ni, bàbá."

Abíọ́nà sún mọ́ wọn, ẹ̀rù bà á kí bàbá òun má lọ ṣá ọkùnrin náà. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ náà kò sá.

"Ogun fọ́ ìlú tèmi náà," ó ní. "Mo gbọ́ pé àwọn kan tí wọ́n sá wá láti ibòmíràn ti ń dáko nínú ilé tí wọ́n bí mi sí. Mo sunkún títí. Ṣùgbọ́n ọmọ kò lè dúró kí n sunkún tán kó tó wáyé. Ibi tí ayé bá mi nìyí, bàbá. Ibẹ̀ náà ni mo ti ń jẹ ẹ́."

Ìyàwó rẹ̀ jáde, ọmọ jòjòló wà lẹ́yìn rẹ̀. Òjéwùmí wo ọmọ náà. Ó gbé ọkọ́ sílẹ̀, ó jókòó sí ìdí igi, ó sì bú sẹ́kún. Ó sunkún bàbá rẹ̀, ó sunkún ìlú, ó sunkún gbogbo ọdún tó ti fi dúró. Àgbẹ̀ náà àti ìyàwó rẹ̀ kò sọ fún un pé kó dákẹ́, nítorí wọ́n mọ irú ẹkún náà.

Nígbà tó yá, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ da erùpẹ̀ padà sórí ìwọ́ ọmọ àgbẹ̀ náà, ó sì tẹ̀ ẹ́ dáadáa. "Ilẹ̀ yìí yóò gbà á," ó ní. Ó wá nawọ́ sínú oko. "Ibi tí ọkà yín ti ga jù yẹn, iyàrá bàbá mi ni, ibẹ̀ la sin ín sí. Ẹ bá mi máa kí i."

Wọ́n padà sí etí igbó. Níṣojú Ṣónúgà, Òjéwùmí ri ìwọ́ Abíọ́nà mọ́lẹ̀, ó sì gbin obì sórí rẹ̀. Ó wá ká ṣòkòtò sókè, ó wọ inú amọ̀, ó ń pò ó, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ilé yẹn ni Ìbídùn bá Abíọ́nà wọ̀.

Àárò Ọ̀jẹ̀gùn kò tán lọ́kàn bàbá náà títí ó fi kú. Ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí àwọn tí ogun lé bá dé ìlú náà, tí wọ́n ń sunkún ilé, ó máa ń jókòó tì wọ́n kí wọ́n sunkún tẹ́rùn. Lẹ́yìn náà ni yóò sọ ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ inú oko ọkà fún wọn. Ẹnu wọn ni àwọn àgbà ti gbà á, tí ó fi di òwe tí a ń pa títí dòní pé: ibi tí ayé bá bá ni la ti ń jẹ ẹ́.